Bí A Ṣe Ń Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ Láti Tọ́jú Ọmọ Tó Ń Gbọ́ Yorùbá Nílé

Ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún 4 tó ń gbọ́ Yorùbá nílé lè bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí wọn ò bá kọ́ ọ dáadáa, ó lè ka ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe mọ́ aláìlera. Ó sì lè dá ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ padà sílé, kó ní èdè méjì ló ń dà á láàmú. Ohun tí ẹ̀yin olùkọ́ lè ṣe rè é.

Ẹ kọ́kọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ bí wọ́n ṣe tọ́ òun fúnra rẹ̀, kó lè rí i pé ilé kò rí bákan náà. Ṣé ọmọdé máa ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà nílé wọn? Ojú ìwé kan ti tó.

Èdè ló kàn, ibẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ ti pẹ́ jù. Kò dìgbà tó bá gbọ́ Yorùbá kó tó mọ bí Yorùbá ṣe rí. Ẹ jẹ́ kó ya àtẹ, kó fi Gẹ̀ẹ́sì sápá kan, Yorùbá sápá kejì. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà ọmọ tó gé ìparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè máa tẹ̀ lé òfin ilé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń ti fáwẹ̀lì sáàárín kọ́ńsónáǹtì méjì. Ṣebí àwa àgbà náà ló sọ “bread” di búrẹ́dì. “Ó” kan náà là ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, torí náà bí ọmọ bá pe ìyá rẹ̀ ní “he”, kì í ṣe àmì àìlera. Àmọ́ bí ọmọ náà bá ń ṣi ohùn pè nínú Yorùbá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é bó ṣe yẹ, ìyẹn gan-an ni kó wò. Ìṣòro èdè tòótọ́ máa ń hàn nínú èdè méjèèjì.

Kó tó pàdé ẹbí, ẹ bá a fi eré dánra wò. Bẹ́ ẹ bá rí ìyá àgbà kan ládùúgbò, ẹ pè é wá, kẹ́ ẹ sì sanwó fún un. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bi í pé kí ni kóun máa pè é, kó má kàn pe orúkọ rẹ̀ ṣánṣán. Ọmọ tó ń wo ilẹ̀ níwájú àgbà, tí kò wo ojú rẹ̀, lè máa bọ̀wọ̀ fún un ni, ṣùgbọ́n kó bi ẹbí bó ṣe ń wo ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ kọ́ ni ògbufọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kẹ́ ẹ lò, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú: bí ọmọ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kó sọ ọ́, kó má bá a tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ á fẹ́ fi àánú tún un ṣe.

Nípa ìdánwò, èyí tí wọ́n fi ọmọ elédè kan ṣoṣo díwọ̀n kò tó láti dájọ́ ọmọ elédè méjì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dán ọmọ náà wò, kó kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀, kó tún dán an wò. Bó bá tètè mọ̀ ọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò tíì gbọ́ ọ rí ni.

Níkẹyìn, ẹ kìlọ̀ fún un kó má sọ fún òbí pé kí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀. Èdè méjì kì í dá ìṣòro èdè sílẹ̀. Kó kọ ìmọ̀ràn tí ilé náà lè ṣe: àlọ́ lálẹ́, orin, pípe orúkọ oúnjẹ bí wọ́n ṣe ń sè é. Bí ìmọ̀ràn náà bá ń béèrè ohun tí ilé náà ò ní, kó lọ tún un kọ.