Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ṣófo: bí mo ṣe ń ka ìtàn agbá-tẹníìsì tó ti fẹ̀yìn tì

Àbúrò mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, Guillermo Vilas tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣé òun náà tó nǹkan?" Mo dá a lóhùn wéré pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gba ìdíje ńlá, pé kò sì fìgbà kankan dé ipò kìíní lágbàáyé. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti ìtàn ọkùnrin ará Ajẹntínà náà, tí mo to ọdún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkàn mi kò gba ìdáhùn yẹn mọ́. Lọ́dún 1977 nìkan, Vilas gba ife-ẹ̀yẹ 16, ti Faransé àti ti Amẹ́ríkà sì wà nínú wọn. Báwo lẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí kò ṣe dé ipò kìíní? Ohun tó yẹ kí n ti bi ara mi nìyẹn kí n tó la ẹnu.

Látìgbà yẹn, mi ò fi iye ife-ẹ̀yẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo ń ṣe rèé, ẹ sì lè ṣe é fún agbá-tẹníìsì yòówù tí ẹ bá fẹ́ràn.

Ẹ wá bébà tó fẹ̀, kí ẹ fa ilà sí i. Ní apá òsì, ẹ to ọdún sísàlẹ̀ ara wọn, láti ọdún tí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹníìsì ṣiṣẹ́ jẹun títí dé ọdún tó gbá a kẹ́yìn. Ẹ má fo ọdún kankan, ì báà jẹ́ pé kò ṣe ohunkóhun nínú rẹ̀. Níwájú ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ ya àpótí mẹ́rin fún ìdíje ńlá mẹ́rin: Ọsirélíà, Faransé, Wimbledon àti Amẹ́ríkà. Inú àpótí yìí lẹ ó kọ ìpele tó ti já sí. Lóde òní, ẹni 128 ló ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje ẹlẹ́nìkan, ìdajì wọn ń lọ sílé ní ìpele kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tó máa gba ife gbọ́dọ̀ borí ẹni méje. Tí ẹ bá rí "R128" nínú àkọsílẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ ló ti já. "R16" ní tirẹ̀ fi hàn pé ó ti borí ẹni mẹ́ta kó tó pàdé ẹni tó dá a dúró.

Àmì méjì wà tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á rú. "W/O" ni pé alátakò kò lè jáde sí pápá rárá. Wọn kì í ka ìyẹn mọ́ iye ìgbà tí ẹnì kan borí tàbí tó pàdánù. "Ret." ni pé eré ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹnì kan kò lè parí rẹ̀, ó sì ti pàdánù nìyẹn. Roger Federer gbá eré ẹlẹ́nìkan tó lé ní 1,500, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ń yọ ọ́ lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ kò fìgbà kan fi eré sílẹ̀ láàárín. Èmi gbé ìyẹn ga ju ife-ẹ̀yẹ 103 tó gbà lọ.

Tí bébà yín bá ti kún, ẹ má tíì wo ibi tó ti borí. Ẹ wo àpótí tó ṣófo. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń pẹ́ jù.

Ẹ mú Björn Borg. Ó gba Faransé lẹ́ẹ̀mẹfà, ó gba Wimbledon ní ọdún márùn-ún léraléra, láti 1976 sí 1980. Ṣùgbọ́n lábẹ́ Ọsirélíà, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa rí i, lọ́dún 1974. Ẹni tí kò mọ̀dí lè ní ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rù. Rárá o. Ìrìn náà jìn, ìparí ọdún ni wọ́n máa ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó mókè jù kì í sì í yọjú síbẹ̀. Tí ẹ bá wá fẹ́ gbé Borg sórí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rántí pé àpótí mẹ́ta ni òun ń lé lọ́dún, mẹ́rin ni tiwọn.

Ọ̀rọ̀ Jimmy Connors lọ́dún 1974 tún yàtọ̀. Ó gba Ọsirélíà, ó gba Wimbledon, ó gba Amẹ́ríkà. Faransé ṣófo. Wọn kò jẹ́ kó wọlé, torí pé ó ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú World Team Tennis, ìdíje ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ì bá gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má kọ òdo síbẹ̀.

Bébà tó máa ń dùn mí jù láti wò ni ti Rod Laver. Ní 1962, àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún fọ́fọ́: ó gba gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ó di ẹni tó ń gbá tẹníìsì fún owó, àwọn ìdíje ńlá kì í sì í gba irú wọn láyè títí di 1968. Láti 1963 dé 1967, ogún àpótí ló dá ṣófo. Ó padà dé ní 1968, nígbà tó sì di 1969, ó tún gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo máa ń fi pẹ́ńsùlù kun ogún àpótí yẹn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kí n má baà gbàgbé pé òfin ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Monica Seles ti gba ìdíje ńlá mẹ́jọ kó tó pé ọmọ ogún ọdún. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, nílùú Hamburg ní Jámánì, ọkùnrin kan jáde láàárín àwọn òǹwòran, ó sì fi ọ̀bẹ gún un lẹ́yìn níbi tó jókòó sí láàárín eré. Kò padà sórí pápá títí di oṣù kẹjọ ọdún 1995. Ó gba Ọsirélíà ní 1996, ẹyọ kan yẹn náà ló sì tún rí gbà. Mi ò kọ nǹkan kan sí àwọn àpótí rẹ̀ tó ṣófo. Mo kọ ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ka àwọn ọdún wọ̀nyẹn nínú ìtàn Steffi Graf, alátakò Seles tí ọkùnrin ọlọ́bẹ náà ń ṣe tirẹ̀, gbọ́dọ̀ tẹ́ bébà Seles sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe láti bu Graf kù, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ìtàn méjèèjì ló so kọ́ra.

Ẹ ṣọ́ra fún kàlẹ́ńdà pẹ̀lú. Mo ti fi odindi ọ̀sán kan wá ohun tí agbá-tẹníìsì kan ṣe ní Ọsirélíà lọ́dún 1986, kí n tó mọ̀ pé wọn kò ṣe ìdíje náà rárá lọ́dún yẹn. Ní 1977 ẹ̀wẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é, ní oṣù kìíní àti oṣù kejìlá.

Nípa orí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá a, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ kàn kọ K fún koríko, A fún amọ̀, L fún pápá líle. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ilẹ̀ kan ni ìdíje kan ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Koríko ni Ọsirélíà lò títí di 1987. Amẹ́ríkà lo koríko títí di 1974, ó lo amọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó sì bọ́ sórí pápá líle ní 1978. Connors gba ti Amẹ́ríkà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ipò. Oṣù kẹjọ ọdún 1973 ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ọkùnrin, Ilie Năstase ló sì kọ́kọ́ wà lókè. Ti àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1975, Chris Evert ló ṣáájú. Ẹni tó ti fi pápá sílẹ̀ kí ìyẹn tó dé kò lè ní nọ́ńbà, ẹ má wá a. Títí di ìparí 1989, ńṣe ni wọ́n máa ń pín máàkì ọkùnrin kan sí iye ìdíje tó gbá. Ẹni tí kì í sinmi bíi Vilas, ìpín yẹn kò ṣe é lóore: gbogbo ibi kéékèèké tó lọ ló ń fa ìdá rẹ̀ wálẹ̀. Ipò kejì ló parí ọdún 1977 sí, Connors ló wà lókè rẹ̀. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún àbúrò mi nìyí.

Ìwé ipò náà sì lè ṣì. Ní 2007 ni wọ́n tó rí i pé Evonne Goolagong ti wà ní ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ méjì ní 1976, torí pé àkọsílẹ̀ ìgbà náà kò pé. Ọdún 31 ló kọjá kí wọ́n tó fún un ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ má sì fi máàkì ayé àtijọ́ wé ti ìsinsìnyí: láti 2009, ọkùnrin tó bá gba ìdíje ńlá ń gba 2,000, bẹ́ẹ̀ 1,000 ni tẹ́lẹ̀. Owó ẹ̀bùn náà rí bákan náà, èmi kì í tilẹ̀ kọ ọ́ sínú bébà mi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ojú ewé kejì fún eré ẹlẹ́ni méjì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ibẹ̀, ó sì máa ń ká mi lára. Ìdíje ńlá 18 ni Martina Navratilova gbà ní ẹlẹ́nìkan. Ẹ ṣí ojú ewé kejì, ẹ ó rí 31 pẹ̀lú obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti 10 pẹ̀lú ọkùnrin. Èyí tó gbà kẹ́yìn ni ti Amẹ́ríkà ní 2006, òun àti Bob Bryan, ó ku bí oṣù kan kó pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Ọdún ìfẹ̀yìntì, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́. Kim Clijsters fi eré sílẹ̀ ní 2007, ó bímọ, ó padà ní 2009, ó sì gba ti Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Andy Murray fi omijé sọ pé ó ṣeé ṣe kí òun má gbá tẹníìsì mọ́. Wọ́n fi irin tún ìbàdí rẹ̀ ṣe, ó gba ife-ẹ̀yẹ ní Antwerp lóṣù kẹwàá ọdún kan náà, Òlíḿpíìkì Paris ní 2024 ló sì gbá kẹ́yìn. Pete Sampras ní tirẹ̀ gba ti Amẹ́ríkà ní 2002, kò tún gbá eré kankan mọ́, ṣùgbọ́n ó di 2003 kó tó kéde rẹ̀. Ọjọ́ eré ìkẹyìn àti ọjọ́ ìkéde, ẹ kọ méjèèjì.

Nígbà tí mo parí bébà Vilas, mo pe àbúrò mi jókòó. Ó ń fi ìka lọ sísàlẹ̀, ó sì dúró níbi 1983, lábẹ́ Wimbledon. R128 ni mo kọ síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní wọ́n tò ó sí ipò kẹrin kí ìdíje yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló wá borí rẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́?"

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi gbogbo àpótí tí ẹni yín ti pàdánù nìyẹn, torí orúkọ ẹlòmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Nduka Odizor ni, ọmọ Nàìjíríà. Ó pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, ó sì gba mẹ́ta tó kù. Ó tún borí ẹni méjì sí i kó tó bọ́ sọ́wọ́ Chris Lewis ti New Zealand, Lewis yìí ló sì bá a lọ dé àṣekágbá. Lọ́dún kan náà, Odizor gba ife-ẹ̀yẹ ní Taipei, nígbà tó sì di 1984, ó dé ipò 52 lágbàáyé. Tó bá jẹ́ iye ìdíje ńlá lẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkùnrin yìí, òdo lẹ máa kọ, ẹ ó sì pa ìwé dé.

Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan. Ó gba bébà mìíràn lọ́wọ́ mi, ó fa ilà sí i, ó kọ 1983 sí àárín, ó sì béèrè ọdún tí Odizor bẹ̀rẹ̀.