Bíìlì Iná Ń Ga Ṣùgbọ́n Ẹ Ò Mọ Ohun Tó Ń Jẹ Ẹ́? Ẹ Wo Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Yẹn Ná

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fúláàtì tí kò ní gáàsì, tó jẹ́ pé iná lẹ fi ń se oúnjẹ, iná ló ń mú ilé móoru, iná náà ló ń mú omi gbóná, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ẹni tó ń lo gáàsì, ìṣòro tiẹ̀ yàtọ̀, torí ní 2025 yúníìtì gáàsì kan wà láàárín 6p sí 7p, ti iná wà láàárín 25p sí 27p, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́rin. Àṣìṣe tí ò dun onígáàsì, ó máa dun ẹ̀yin dọ́kàn.

Wíńtà àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, ṣe ni mò ń yọ ṣájà fóònù kúrò lára ògiri kiri, mò ń bá àwọn ọmọ jà nítorí gílóòbù, bíìlì ò sì wálẹ̀. Gílóòbù LED oní-wáàtì 10 máa tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ yúníìtì kan o! Irin tó wà nínú àgbá omi gbígbóná, kìlówáàtì 3 ni tiẹ̀ sábà máa ń jẹ́, wákàtí kan péré, yúníìtì mẹ́ta ti lọ. Kí ni mò ń bá gílóòbù fà?

Ẹ rántí bọ́ílíńgì ríńgì tá a máa ń kì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi nílé? Òun náà ni wọ́n ń pè ní immersion heater níbí, wọ́n kàn gbé e sínú àgbá ńlá, wọ́n wá gbé àgbá sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nílé, kò sẹ́ni tó máa fi bọ́ílíńgì ríńgì sínú omi kó lọ sọ́jà, àmọ́ níbí a máa tan súwíìṣì yẹn ní October, ó di April ká tó tún ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Lóòótọ́ thermostat wà lára ẹ̀ tó máa ń já iná tómi bá ti gbóná, ṣùgbọ́n tí àgbá yẹn bá wà níhòòhò, ooru á máa jáde, irin á tún tan, á tún já, á tún tan, bẹ́ẹ̀ ẹ wà níbi iṣẹ́ o. Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì àgbá omi, èyí tó nípọn tó mìlímítà 80, kò wọ́n. Ẹ má wá gbé thermostat wálẹ̀ sábẹ́ 60°C torí owó, kòkòrò legionella máa ń gbilẹ̀ nínú omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́, àìsàn tó ń fà kì í ṣeré.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, kẹ́ ẹ tó pe ilé iṣẹ́ iná láti bá wọn jà, mítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi. Ẹ pa gbogbo nǹkan nílé, fíríìjì náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ò ní bà á jẹ́, kẹ́ ẹ lọ wo mítà. Tó bá ṣì ń kà, ó ní ohun tẹ́ ẹ ò tíì rí, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan ẹlòmíì wà lórí mítà yín. Tó bá dúró, ẹ tan ti omi nìkan, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn náà hítà pálọ̀, lẹ́yìn náà ti yàrá. Kó tó di alẹ́ ẹ ti mọ olè. Ẹ tún fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára mítà wé èyí tó wà lórí bíìlì, torí nínú ilé alájà púpọ̀ èèyàn lè máa san owó aládùúgbò. Tẹ́ ẹ bá sì rí "estimated" lórí bíìlì, àfojúbù ni, irú èyí tá a sá fún nílé náà ni, ẹ fi nọ́ńbà gidi ránṣẹ́ sí wọn.

Ọ̀rọ̀ Economy 7, ètò ìsanwó iná tó ní iye ọ̀sán àti iye òru, wá ń kọ́? Wákàtí 7 lóru iná dínwó, ojúmọmọ sì wọ́n ju ti ẹni tó ń san iye kan ṣoṣo lọ. Àwọn hítà ńlá wúwo tó ní bíríkì nínú, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n, wọ́n á gba ooru sínú bíríkì lóru, wọ́n á máa tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án. Bọ́tìnì oníyíyí méjì ló wà lókè ẹ̀: input ni iye tó máa gbà, output ni bó ṣe máa tú u jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé òtútù á mú wa, a máa ṣí output dé òpin ká tó sùn, ooru á ti tán kílẹ̀ tó ṣú, la bá tún gbé hítà onífáànù jáde, owó ojúmọmọ nìyẹn. Ẹ ti output kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ ṣí i nígbà tẹ́ ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú (kíà) lóru tẹ́ ẹ ń sùn lọ́sàn-án, ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa, tí ọ̀pọ̀ yúníìtì yín bá jẹ́ ti ojúmọmọ, Economy 7 ò bá yín lára mu.

Àgbá omi tó bá ní irin méjì, ti ìsàlẹ̀ ni ti òru, ti òkè ni boost, èyí tẹ́ ẹ lè tàn lọ́sàn-án ní owó ojúmọmọ. Ẹ má fọwọ́ kan boost àyàfi tó bá di dandan. Ọ̀pọ̀ mítà wọ̀nyí kì í sì í yí aago padà ní sọ́mà, owó òru lè má bẹ̀rẹ̀ lásìkò tẹ́ ẹ rò. Àwọn mítà àtijọ́ kan tún wà tí àmì rédíò ń darí, wọ́n ti ń pa àmì yẹn díẹ̀díẹ̀ láti 30 June 2025, tí tiyín bá wà níbẹ̀ ẹ ní kí wọ́n wá pààrọ̀ ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ hítà lè máa tan lọ́sàn-án gangan.

Ní ti ìwẹ̀: omi lítà 100 láti 10°C dé 60°C máa jẹ tó yúníìtì 6, bíi £1.50 ní iye owó 2025. Ṣáwà oníná kìlówáàtì 9, ìṣẹ́jú 10, yúníìtì kan àtààbọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, ìdajì yúníìtì. Àwọn ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo ṣì ń fi igbá wẹ̀.

Ẹ má sì gbà fáwọn tó ń polówó hítà kékeré tí wọ́n ní kì í jẹ iná. Ti £15 o, ti £150 o, yúníìtì kan wọlé, ooru yúníìtì kan jáde. Heat pump, ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti ìta wọlé, nìkan ló yàtọ̀.

Tí wọ́n bá gbé gbèsè àtijọ́ kan jáde lójijì, tó jẹ́ pé àwọn ni ò bíìlì yín bó ṣe yẹ, wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó iná tẹ́ ẹ lò kọjá oṣù 12 sẹ́yìn. Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, máa bá yín dá sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì kó wọlé tuntun, kẹ́ ẹ tó tú ẹrù, ẹ ya fọ́tò mítà, nọ́ńbà méjèèjì, ti ọ̀sán àti ti òru.