Fáńdéṣọ̀n ń ṣe eérú, lọ́fíńdà ò dúró: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Láti ìgbà tí mo ti sọ àwọn nǹkan tí mo fẹ́ràn jù lọ́wọ́ báyìí, ìyẹn páàfù onígun mẹ́ta, kọrẹ́kítọ̀ aláwọ̀ ọsàn tó ń pa ibi tó dúdú lójú rẹ́, fóòmù tí wọ́n ń fi omi rẹ kí wọ́n tó fi tẹ fáńdéṣọ̀n mọ́jú àti lọ́fíńdà olóròóró kékeré tí mo máa ń jù sínú báàgì, ẹ ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Àwọn kan ní àwọn ti rà á, kò ṣiṣẹ́ fún àwọn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ mi o, torí náà ooru ibí àti òógùn ibí ni mo mọ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ káàsán mà. Tí mo bá ṣe ojú tán nílé ó máa ń dáa gan-an, àmọ́ tí wọ́n bá ti fi fláàṣì yà mí lóde ijó, ojú mi á funfun báláú bí ẹni tó ki orí bọ àpò fúláwà, ọrùn mi á sì dúró sí àwọ̀ tiẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àtíkè ẹ ni, àbúrò mi. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ìyá ìyàwó kan ni mo ṣe ojú fún, gèlè jókòó, ojú ń dán, gbogbo ẹbí ń ṣàdúrà fún mi, àfi ìgbà tí fọ́tò jáde tí abẹ́ ojú màmá àti gíga imú wọn funfun bíi pé mo fi ẹfun kùn wọ́n. Màmá ò bínú o. Wọ́n kàn pè mí wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé Ọbàtálá lo fẹ́ fi mí bọ ni?" Títí dòní, tí mo bá ti fẹ́ da àtíkè sórí páàfù, ohùn màmá yẹn ni mò ń gbọ́.

Àtíkè funfun tó kúnná, tó jẹ́ pé tí o bá fi pa ojú kò ní hàn rárá, tí wọ́n sábà ń kọ HD sí lára, silica ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ojú èèyàn ò ní rí i, àmọ́ tí iná fláàṣì bá ti kàn án, ṣe ló máa ju iná yẹn padà sójú kámẹ́rà. Sọnsikíríìnì tó ní zinc oxide tàbí titanium dioxide náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán kò léwu, kò sí fláàṣì, má fi sọnsikíríìnì ọ̀sán ṣeré. Àmọ́ tó bá jẹ́ òde alẹ́ ni, má fi í sábẹ́ mékọ́ọ̀pù, kí o sì lo àtíkè tó ní àwọ̀ lára, èyí tó pọ́n rúsúrúsú tàbí tó ṣe búráùn díẹ̀, bíńtín ni kí o fi páàfù tẹ̀ mọ́ ojú, má rọ́ ọ síbẹ̀, kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá gbọn ìyókù dànù. Kí o tó jáde nílé, pa iná yàrá, fi fóònù ẹ ya ara ẹ pẹ̀lú fláàṣì. Ìṣẹ́jú kan ni. Tó bá máa funfun, ibẹ̀ yẹn lo ti máa rí i, kì í ṣe nínú álíbọ́ọ̀mù ìyàwó.

Ìbéèrè: Tèmi kì í ṣe ti fọ́tò. Fáńdéṣọ̀n bá mi mu ní ṣọ́ọ̀bù, mo délé, ó di eérú.

Ìdáhùn: Eérú ni àbí dúdú? Ẹ wò ó dáadáa torí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe ń pẹ́ ló ń dúdú sí i, tàbí tó ń pọ́n bí ọsàn, epo ojú yín àti afẹ́fẹ́ ló ń yí i padà. Ẹ mú ṣéédì kan tó fi díẹ̀ mọ́ jù ú lọ, ẹ sì fa díẹ̀ sí egungun àgbọ̀n, kì í ṣe sí ẹ̀yìn ọwọ́ o, mi ò mọ ẹni tó kọ́ wa ní ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn, ọwọ́ àti ojú wa kì í ṣe àwọ̀ kan náà. Ẹ jáde síta lójú ọ̀sán, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wá padà wo díńgí. Iná ṣọ́ọ̀bù òpùrọ́ ni.

Àmọ́ tó bá jẹ́ eérú gan-an, tí ojú ń dà bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara lásìkò ọyẹ́, ó mọ́ jù fún yín nìyẹn, àbí kò ní pupa tàbí ìyeyè tó wà lábẹ́ àwọ̀ ara yín. Abẹ́ ojú àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ torí ibẹ̀ dúdú jù, tí ẹ bá wá gbé kọ̀nsílà, ìpara tó ń bo àbàwọ́n ojú, èyí tó mọ́, lé dúdú, eérú ló máa bí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo kọrẹ́kítọ̀ aláwọ̀ ọsàn. Ẹ fi ìka fọwọ́ kàn án, tó bí ẹyọ ẹ̀wà kan fún ojú méjèèjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó dúdú nìkan, kí fáńdéṣọ̀n tó gorí ẹ̀. Ẹ ò ní nílò kọ̀nsílà tó pọ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí mékọ́ọ̀pù mi máa ń ṣù jọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà téèyàn bá fi ìrésà pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé?

Ìdáhùn: Ẹ̀ ń kánjú, ẹ sì ń pọ̀ ọ́ jù. Ìpara, sọnsikíríìnì, páráìmà tó ń ṣáájú fáńdéṣọ̀n, fáńdéṣọ̀n fúnra ẹ̀, gbogbo ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wọlé kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Kí ẹ sì wo ara ìgò, tí páráìmà bá jẹ́ ti sílíkónì, tí orúkọ tó ń parí sí -cone wà lókè pátápátá, tí fáńdéṣọ̀n sì jẹ́ èyí tí omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọn ò ní gbọ́ ara wọn yé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́jú, ẹ má fà á.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó gidi ni mo fi ra lọ́fíńdà mi, kì í ṣe féèkì. Tí mo bá fín in láàárọ̀, kí n tó dé ibi iṣẹ́ ó ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi tó ń lo olóròóró inú ọjà ń ta sánsán títí dalẹ́. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má rẹ́ ọ jẹ. Wo ara ìgò yẹn. Tí wọ́n bá kọ eau de toilette, òróró tó ń ta sánsán nínú ẹ̀ kì í sábà ju 5 sí 15 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, eau de parfum máa ń wà láàárín 15 sí 20, èyí tí wọ́n kọ parfum tàbí extrait sí ló ń tó 20 sí 30. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, ọtí ni. Ọtí yẹn ló ń gbé òórùn fò sókè kó lè tètè kan imú ẹlòmíràn, òun náà ló sì ń gbé e lọ, ooru tiwa wá ń tì í lẹ́yìn. Olóròóró ò ní ọtí, ara ló máa lẹ̀ mọ́, kò ní ṣáájú ẹ wọlé, èèyàn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ kó tó gbọ́ ọ, àmọ́ kì í tètè lọ. Ẹ ṣáà rántí Bint el Sudan, ìgò bíńtín yẹn, láti 1920 ló ti wà, kò ní ọtí rárá. Ìyá àgbà mi á fi ìdérí ẹ̀ kan ẹ̀yìn etí lẹ́ẹ̀kan péré, ìborùn wọn á ṣì máa rùn ún lọ́jọ́ kejì.

Ohun kejì, irú òórùn wo ni? Èyí tó dà bí ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ sá, kò ju bí ìdajì wákàtí lọ. Vanilla, musk, oud, sandalwood, àwọn yẹn ló ń jókòó. Torí náà ohun tí o gbọ́ lórí ìwé pélébé tí wọ́n nà sí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, orí ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn. Ní kí wọ́n fín in sọ́wọ́ ẹ, bá tìẹ lọ, rìn kiri ọjà, tí ìwọ àti òun bá ṣì jọ ń gbọ́ra lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, padà lọ sanwó.

Ó sì lè jẹ́ imú ẹ ló ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó ń yan ẹja ta kì í gbọ́ òórùn ẹja lára aṣọ ẹ̀ mọ́. Kí o tó fín in lẹ́ẹ̀kejì, bi ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó ní ọ́fíìsì, torí mo ti wọ danfo pẹ̀lú arábìnrin kan tó rò pé tòun ti lọ, gbogbo wa la ṣí wíńdò.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí: tí mo bá wẹ̀ tán, kí ara tó gbẹ pátápátá, mo máa ń fi Vaseline díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn àti kọ̀rọ̀ ìgúnpá, màá wá fín lọ́fíńdà lé e. Mi ò ní fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn. Màá fín díẹ̀ sínú aṣọ, láti inú o, síbi tí kò hàn, torí léèsì funfun àti sátíìnì máa ń gbé àbàwọ́n. Tó bá jẹ́ olóròóró, ara nìkan. Má fi ìgò sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, má gbé e sí ojú fèrèsé, má sì gbé e sí bálùwẹ̀, inú wọ́dúróòbù tó ṣókùnkùn ni ibùgbé ẹ̀. Tí o bá sì rí i tí ọrùn ẹ ń ní ilà dúdú níbi tí lọ́fíńdà máa ń ṣàn gbà, fi í sílẹ̀ lára, aṣọ nìkan ni kí o máa fín in sí. Òróró bergamot, irú ọsàn kan tí wọ́n ń fi ṣe lọ́fíńdà, tí wọn ò yọ èròjà inú ẹ̀ kan kúrò máa ń bá oòrùn lẹ̀dí àpò pọ̀ sun awọ.

Ìbéèrè: Àǹtí mi, London la wà. Ìyá ọkọ mi mú tìróò wá látilé, wọ́n fẹ́ máa lé e fún ọmọ wa, oṣù mẹ́rin. Wọ́n ní gbogbo ọmọ àwọn làwọn lé e fún. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo di òyìnbó.

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé e fún un, ìyá ọmọ. Òkúta tí wọ́n sábà ń lọ̀ ṣe tìróò, galena, òjé àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ níbẹ̀. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, òjé wà níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un, nígbà tí wọ́n sì yẹ tìróò náà wò, ó ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ òjé. CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí dídènà àrùn, ló gbé e jáde ní 2012. Ọmọdé á ra ojú, á ki ọwọ́ bọ ẹnu, ọpọlọ ọmọ sì ni òjé ń bá jà.

Ní ti màmá, ẹ má bá wọn jiyàn lórí pé àwọn ọmọ tiwọn ò kú. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ bi wọ́n pé, "Mà, ṣé ẹ mọ òjé inú bátìrì mọ́tò? Òun náà ni wọ́n ní ó wà nínú èyí." Ọ̀pọ̀ ìyá máa jù ú nù fúnra wọn. Ẹ wá gbé iṣẹ́ mìíràn fún wọn, ìpara ọmọ, ìwẹ̀ ọmọ, kí ọwọ́ wọn má bàa ṣófo. Tí wọ́n bá ti lé e fún un rí, ẹ sọ fún dókítà kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Ojú mi ń yún mi, ó sì ń wú tí mo bá lẹ láṣì.

Ìdáhùn: Gọ́ọ̀mù ni. Ọ̀pọ̀ ló ní rọ́bà látẹ́ẹ̀sì, ara àwọn kan ò gbà á. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ latex-free sí, ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí, ẹ dúró fún ọjọ́ kan sí méjì. Gọ́ọ̀mù èékánná ò gbọdọ̀ dé itòsí ojú yín láé, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń ronú ẹ̀. Tó bá ṣì ń wú, ẹ lọ bá dókítà ojú.

Ìbéèrè: Fóòmù tí ẹ ní ká rà ti ń rùn. Ṣé kí n sè é?

Ìdáhùn: Ìgbà wo lẹ rà á ná? Tó bá ti tó oṣù mẹ́ta, ẹ jù ú nù. Mo fi ọ̀bẹ la ti èmi sí méjì lọ́jọ́ kan, ìta ẹ̀ mọ́ tónítóní, mo ti fọ̀ ọ́ o, inú ẹ̀ ní àmì dúdú dúdú bí èyí tó máa ń wà lára búrẹ́dì tó ti bu. Ọ̀rá tí mo máa ń dì í mọ́ nígbà tó ṣì tutù ló fà á. Nísinsìnyí, tí mo bá lò ó tán, ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́rọ́, màá fún un, màá fún un títí omi tó ń jáde á fi mọ́, màá wá gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Búrọ́ọ̀ṣì náà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbẹ, ẹ má dá a dúró sínú kọ́ọ̀bù, omi á ṣàn lọ síbi tí gọ́ọ̀mù ẹ̀ wà, irun ẹ̀ á máa já sójú kọ́sítómà.