Bí A Ṣe Ń Fi Ìmọ̀ Jíìnì Sin Adìyẹ Aṣa àti Abólọ́rùn

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìpẹ̀rù, ó ṣòro kí ènìyàn la àdúgbò kan já kí ó má rí adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri àgbàlá, pàápàá ní ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí. Láàrin wọn, oríṣi méjì kan wà tí ojú kì í ṣì mọ̀. Ọ̀kan ni adìyẹ aṣa, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn, tó ń kọjú sí orí dípò kí ó dùbúlẹ̀ lórí ara. Èkejì ni abólọ́rùn, tí ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòhò láti abẹ́ orí títí dé èjìká. Àwọn oníṣègùn a máa wá àwọn méjèèjì. Àwọn onílé kan sì wà tí wọn kì í fẹ́ rí wọn nínú agbo adìyẹ wọn rárá, wọ́n á ní kò bójú mu. Àbùdá tí òbí fi lé ọmọ lọ́wọ́ lásán ni, ẹni tó bá sì mọ bí àbùdá náà ṣe ń rìn lè pinnu iye irú èyí tó fẹ́ nínú agbo rẹ̀.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló máa ń ra àkùkọ aṣa kan àti àgbébọ̀ aṣa mẹ́ta ní ọjà Òkè-Àjẹ́, tí yóò kó wọn sínú àgò kan náà, tí yóò sì máa retí pé gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ aṣa. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bá dàgbà tán, àwọn kan á ní ìyẹ́ tó dùbúlẹ̀ geere, àwọn kan á jẹ́ aṣa, àwọn kan á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìyẹ́ kankan lára. Yóò wá sọ pé wọ́n ti pàrọ̀ ẹyin fún òun. Kò sí ẹni tó pàrọ̀ ẹyin. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn.

Ohun tí ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di ara adìyẹ ni kírómósóòmù 78 wà, ìyẹn àwọn okùn tíntínrín tó ń gbé àbùdá; méjì-méjì ni wọ́n, lọ́nà 39. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ àkùkọ, ìkejì wá láti ọ̀dọ̀ àgbébọ̀. DNA, èròjà tí àbùdá wà nínú rẹ̀, ni a fi ṣe ìlà gígùn tó wà nínú wọn, àwọn abala ìlà yìí tó ń pàṣẹ bí a ó ṣe mọ ara ni a sì ń pè ní jíìnì. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ni jínóòmù. Ní ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ tẹ jínóòmù adìyẹ jáde, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ láàrin gbogbo ẹyẹ. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí bílíọ̀nù kan lẹ́tà (bí a ṣe ń pe àwọn ẹyọ kéékèèké tó tò tẹ̀ léra nínú DNA), ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta jínóòmù ènìyàn.

Nítorí pé méjì-méjì ni kírómósóòmù, méjì-méjì náà ni ọ̀pọ̀ jíìnì. Àwọn méjì náà lè jẹ́ irú kan náà, wọ́n sì lè yàtọ̀ síra. Nígbà tí ara adìyẹ bá ń ṣe ẹyin tàbí àtọ̀, ọ̀kan péré nínú méjì ló ń wọ inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń yan èyí tí yóò wọ̀ ọ́. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Gregor Mendel ló kọ́kọ́ rí òfin yìí lára ewéko pea, irú ẹ̀wà kan, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1866. Ní ọdún 1902, William Bateson, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé adìyẹ pẹ̀lú ń tẹ̀ lé òfin náà. Ìmọ̀ yìí ti dàgbà, ó sì wúlò fún ẹni tó ní adìyẹ márùn-ún bí ó ṣe wúlò fún ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún.

Ìdí tí a kì í fi kó aṣa pọ̀ mọ́ aṣa

Kératíìnì ni èròjà tí ara fi ń ṣe ìyẹ́. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé ohun tó sọ adìyẹ di aṣa ni pé abala kékeré kan gé kúrò nínú ọ̀kan lára àwọn jíìnì kératíìnì, tí igi àárín ìyẹ́ kò fi lè nà tọ́ọ́rọ́ mọ́. Bí adìyẹ bá ní ẹyọ kan péré nínú irú jíìnì yìí, tí ìkejì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó pé, ìyẹ́ rẹ̀ yóò ká, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yóò le. Aṣa ẹlẹ́yọ ni n ó máa pè é. Bí méjèèjì bá jẹ́ irú èyí tó gé, ìyẹ́ náà yóò tín-ínrín, yóò máa já, ẹni tó bá sì rí adìyẹ bẹ́ẹ̀ á ní òpìpì ni. Ẹ jẹ́ kí á pe èyí ní aṣa oníméjì. Òtútù máa ń yọ ọ́ lẹ́nu, oúnjẹ tó yẹ kí ó fi sanra ló sì ń fi mú ara gbóná. Nínú òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, irú adìyẹ yìí kì í gbádùn.

Aṣa tí ẹ máa ń rí lọ́jà, aṣa ẹlẹ́yọ ló sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá kó aṣa ẹlẹ́yọ méjì pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ wọn yóò ní ìyẹ́ geere, ìdá méjì yóò jẹ́ aṣa ẹlẹ́yọ, ìdá kan tó kù yóò sì jẹ́ oníméjì tó ń jìyà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó aṣa ẹlẹ́yọ pọ̀ mọ́ adìyẹ oníyẹ̀ẹ́ geere, ìdajì ọmọ yóò jẹ́ aṣa, ìdajì yóò jẹ́ geere, kò sì ní sí oníméjì kankan láàrin wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé iye aṣa ẹlẹ́yọ tí ẹ ó rí nínú ọ̀nà méjèèjì dọ́gba, nítorí náà kò sí èrè kankan nínú kíkó aṣa pọ̀ mọ́ aṣa, àdánù nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń dá àkùkọ oníméjì kan sí, kí wọ́n lè kó o ti àwọn àgbébọ̀ geere, nítorí pé gbogbo ọmọ tó bá bí yóò jẹ́ aṣa ẹlẹ́yọ láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ní tèmi, kò yẹ ẹni tó ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé, nítorí pé ìtọ́jú irú àkùkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìdajì àti ìdá mẹ́rin yìí kò túmọ̀ sí pé nínú òròmọdìyẹ méjìlá ẹ ó rí aṣa mẹ́fà géérégé. Mẹ́sàn-án lè jẹ́ aṣa, ó sì lè jẹ́ mẹ́ta, nítorí pé ẹyin kọ̀ọ̀kan ló ń ṣẹ́ kèké tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń ka ọmọ inú ìpa kan mọ́ òmíràn ni iye náà yóò máa sún mọ́ ìdajì.

Bí a ó ṣe ṣe é

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ ya àwọn àgbébọ̀ tí ẹ yàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àkùkọ gbogbo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí. Àgbébọ̀ ní ibì kan nínú ara rẹ̀ tó ń tọ́jú àtọ̀ sí, ẹyin tó bá sì yé ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí àkùkọ ti gùn ún ṣì lè di ọmọ àkùkọ náà. Bí ẹ bá ra àgbébọ̀ lọ́jà lónìí, tí ẹ kó o ti àkùkọ yín lọ́la, ọmọ àkùkọ onílé mìíràn ni ẹ lè máa kọ sínú ìwé yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àkùkọ kan ti àgbébọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ẹ fi wáyà yí wọn ká, kí ẹ sì bo òkè rẹ̀, nítorí pé ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ jù lọ nílẹ̀ wa ni àkùkọ aládùúgbò, tí kò sí ẹni tó ń so ó mọ́lẹ̀. Ẹ máa kó ẹyin lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ tí a yé e àti àmì àgbébọ̀ tó yé e sí ara rẹ̀. Ẹyin tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ló dára jù láti sàba lé. Ọjọ́ kọkànlélógún ni yóò pa.

Àwọn ìyá wa máa ń so àkísà aláwọ̀ mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ adìyẹ kí tiwọn má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ lo ọgbọ́n yẹn níbí. Ẹ yan àwọ̀ kan fún ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ẹ so òwú rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àwọn òròmọdìyẹ ní ọjọ́ tí wọ́n bá pa, kí ẹ sì máa tú u so ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ó má baà gé wọn lẹ́sẹ̀. Abólọ́rùn hàn gbangba láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti jáde nínú èèpo. Aṣa kò rí bẹ́ẹ̀. Bùlùbúlù ìyẹ́ tí òròmọdìyẹ ń gbé wá kì í ká, ìgbà tí ìyẹ́ gidi bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní ara apá ni ẹ ó tó mọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe ta ọmọ kankan kí ó tó di ìgbà náà.

Ẹ kọ ohun gbogbo sílẹ̀: ìyá, bàbá, ọjọ́, iye tó pa, iye aṣa, iye abólọ́rùn, iye geere, iye tó kú.

Ti abólọ́rùn

Abólọ́rùn rọrùn ju aṣa lọ, nítorí pé ojú nìkan tó láti mọ iye jíìnì tó ní. Ẹ wo iwájú ọrùn rẹ̀ nísàlẹ̀, lókè àyà. Bí ẹ bá rí ìdìpọ̀ ìyẹ́ kan níbẹ̀, ẹlẹ́yọ ni. Bí ibẹ̀ bá mọ́ kedere, tàbí tí ìyẹ́ bíńtín péré ló wà níbẹ̀, oníméjì ni. Ìyẹ́ oníméjì máa ń dín sí ti adìyẹ geere ní nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún.

Jíìnì yìí wà lórí kírómósóòmù kẹta. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé ó ń mú kí awọ ara ṣe àpọ̀jù èròjà kan tó ń dá ìyẹ́ dúró kí ó má hù, àti pé awọ ọrùn máa ń tètè gbọ́ àṣẹ èròjà náà ju awọ ibòmíràn lọ. Kò ní ìpalára irú èyí tí aṣa oníméjì ní, nítorí náà ẹ lè kó abólọ́rùn pọ̀ mọ́ abólọ́rùn láìbẹ̀rù. Nínú ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta, ara rẹ̀ máa ń tú ooru dànù kánkán, ó sì máa ń jẹun nígbà tí àwọn yòókù bá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òròmọdìyẹ rẹ̀ ni kí ẹ máa tọ́jú dáadáa kúrò nínú òtútù òru.

Jíìnì aṣa àti ti abólọ́rùn kò sí lórí kírómósóòmù kan náà, nítorí náà ọ̀kan kì í dúró de èkejì. Bí aṣa ẹlẹ́yọ bá pàdé abólọ́rùn ẹlẹ́yọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ní jíìnì ti èkejì, ìdá mẹ́rin tó dọ́gba ni ọmọ wọn yóò pín sí: geere, aṣa nìkan, abólọ́rùn nìkan, àti èyí tó jẹ́ méjèèjì pọ̀.

Jíìnì tó fara pamọ́

Kì í ṣe gbogbo jíìnì ló ń fara hàn báyìí. Ẹ wo ogbe orí àkùkọ. Ogbe ẹlẹ́yọ (ìrísí ogbe ni ẹlẹ́yọ níbí, kì í ṣe iye jíìnì) tó dúró tó sì ní eyín bí ayùn kì í jáde àyàfi bí jíìnì méjèèjì bá jẹ́ tirẹ̀. Ogbe pẹlẹbẹ tó kún fún kókó lè jáde pẹ̀lú ẹyọ kan péré. Nítorí náà, àkùkọ ológbe pẹlẹbẹ lè gbé jíìnì ogbe ẹlẹ́yọ pamọ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ kó o ti àwọn àgbébọ̀ ológbe ẹlẹ́yọ. Bí ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo bá ní ogbe ẹlẹ́yọ, àṣírí ti tú. Bí ọmọ méje bá jáde láìsí ọ̀kan tó ní in, ó ṣòro kí ó jẹ́ pé ó ń gbé e pamọ́, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà 128 ni àkùkọ tó ń gbé e pamọ́ lè bí irú ọmọ méje bẹ́ẹ̀. Aṣa pẹ̀lú ní irú àdììtú yìí: jíìnì mìíràn wà tó lè dín kíká ìyẹ́ kù títí tí aṣa yóò fi dà bí geere. Ọmọ ni kí ẹ fi mọ òbí, ẹ má fi ìrísí òbí nìkan ra á.

Nítorí jíìnì tó fara pamọ́ yìí kan náà ni a kì í fi í jẹ́ kí àkùkọ gun ọmọ rẹ̀. Ìdajì jíìnì bàbá wà lára ọmọ rẹ̀ obìnrin, àléébù tí ẹyọ kan kò lè fi hàn á sì máa rí èkejì rẹ̀ pàdé: ẹyin tí kò pa, òròmọdìyẹ tí kò lágbára. Kí àwọn ọmọbìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí yé, ẹ pààrọ̀ àkùkọ pẹ̀lú ẹni tó wà ní ìlú mìíràn. Ẹni tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè lè bá ẹni tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ pààrọ̀.

Iye ẹyin àti ìtóbi ara kò sí lábẹ́ jíìnì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ jíìnì ló ń dá sí i, oúnjẹ àti àìsàn sì ń dá sí i pẹ̀lú. Àgbébọ̀ tó wá láti ìdílé rere tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ kò ní yé dáadáa, àìsàn lùkúlùkú kò sì mọ adìyẹ tó ní jíìnì rere yàtọ̀, nítorí náà ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún gbogbo wọn. Bí ọmọ tó pa bá sì pọ̀ ní akọ, ẹ má ṣe bá àkùkọ wí. Láàrin ẹyẹ, ìyá ló ń gbé kírómósóòmù tó ń pinnu akọ tàbí abo.

Nígbà tí ìran kejì bá dàgbà, ẹ dá àwọn aṣa ẹlẹ́yọ àti abólọ́rùn tí ìwé yín fi hàn pé ìyá wọn ń yé dáadáa sí. Bí oníméjì aṣa bá ṣèèṣì wà láàrin wọn, ẹ tà á tàbí kí ẹ pa á jẹ kí òjò oṣù kẹfà tó dé.