Bí mo ṣe fi ilé-ìwé ìjọba mẹ́ta wéra ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Òṣogbo

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba mẹ́ta ló wà nílùú náà, ọmọ tó ń bọ̀ wá wọ kíláàsì kẹrin ni mo sì ń wá àyè fún. N kò ní dárúkọ wọn. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ti ojú títì, ti ìdí ọjà àti ti ẹ̀yìn odò.

Kí n tó wọkọ̀ ní Òṣogbo ni mo ti bèèrè ọjọ́ ọjà wọn. Lọ́jọ́ ọjà ọlọ́rọọrún, ọ̀pọ̀ ọmọ ń bá ìyá wọn rẹrù, kíláàsì a sì ṣófo. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò bọ́ sí ọjọ́ ọjà ni mo mú, mo sì débẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tò lórí ìlà àárọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ka tíṣà, nítorí orúkọ inú ìwé kì í kọ́ ọmọ.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ni pé kí ọmọ tí tíṣà kan ń kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má ju 35 lọ. Bí a bá kàn fi iye tíṣà pín gbogbo ọmọ, a ó ṣìnà. Ti ẹ̀yìn odò ní ọmọ 72 àti tíṣà 3, ìyẹn 24 sí ẹnì kan. Lójú ìṣirò, òun ló dára jù. Ṣùgbọ́n kíláàsì mẹ́fà ni àwọn mẹ́ta yẹn ń kọ́, méjì-méjì nínú yàrá kan. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì la pátákó sí méjì. Bí tíṣà bá ń kọ́ apá kan, apá kejì a máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Ní ti ojú títì, ọmọ 61 ló wà ní kíláàsì kìn-ín-ní, 19 péré ní kẹfà. Kíláàsì tí ọmọ ẹni máa wọ̀ gan-an ni kí a kà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń sàmì sí rẹ́jísítà, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo bèèrè rẹ̀. Níbì kan, wọ́n ti sàmì ọ̀sán! Orí ọmọ ni mo kà níbẹ̀, n kò wo ìwé wọn mọ́.

Ìwé tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ sí ló gba àkókò mi jù. Bí a bá ní kí wọ́n mú ìwé wá, ti ọmọ tó mọ̀wé jù ni wọ́n máa mú wá. Ti ẹni àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìkẹyìn nínú rẹ́jísítà ni mo ní kí wọ́n bá mi mú. Mo wo déètì: ṣé iṣẹ́ wà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé tíṣà mákì í, ṣé ọmọ ṣe àtúnṣe? Lẹ́yìn èyí, mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo ní kí ọmọ kan ka ìwé Yorùbá láti ìlà ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tó ti há a sórí yóò dákẹ́.

Mo fọwọ́ ara mi pọ́ǹpù omi. Ara ògiri ni mo ti wo òrùlé, nítorí ojú òjò a máa hàn níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ló sọ pé odò máa ń dí ọ̀nà ẹ̀yìn odò ní Oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Ti ìdí ọjà ni mo mú. Òrùlé rẹ̀ kò dára tó ti ojú títì, ṣùgbọ́n wọ́n ti mákì ìwé ọmọ ìkẹyìn títí dé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ariwo ọjà ni wàhálà ibẹ̀. Mo ti bẹ tíṣà kí ó fi ọmọ náà sí bẹ́ǹṣì iwájú.