Bí wọ́n bá ń sin yín ní gbèsè tí ẹ kò jẹ

Ẹ̀yin ará wa, bí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù bá pè yín lórí owó tí ẹ kò yá, ẹ má sọ pé "màá wá nǹkan ṣe sí i." Ẹ má sì fi ẹgbẹ̀rún kan ránṣẹ́ kí wọ́n lè dákẹ́. Owó yẹn ni wọ́n máa tọ́ka sí pé ẹ ti gbà pé gbèsè yín ni.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí ẹ fi bi wọ́n: ọjọ́ wo ni owó jáde, àkáǹtì ta ló wọ̀, báǹkì wo? Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báǹkì) tàbí OTP (nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín) wá, gbájú-ẹ̀ nìyẹn. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn.

Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà yín kàn wà nínú fóònù ẹni tó yáwó ni, ẹ kì í ṣe onídùúró. Ẹni tó fọwọ́ sí i ló ń dúró. Àmọ́ bó bá jẹ́ BVN yín ni wọ́n fi yá a, ẹ tètè dìde. Ẹ gba sitétímẹ́ǹtì oṣù tí wọ́n ní owó náà jáde ní báǹkì, ẹ búra ní kóòtù, bíi ti Ìyágankú n'Ìbàdàn, pé owó náà kò kàn yín, kí ẹ so sitétímẹ́ǹtì àti ìwé ìbúra náà mọ́ lẹ́tà sí ayánilówó. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tiyín. Ẹ yẹ orúkọ yín wò lọ́dọ̀ CRC tàbí FirstCentral, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn. Ọ̀fẹ́ ni lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ìhàlẹ̀ ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò fàyè gbà á kí wọ́n mú èèyàn nítorí gbèsè lásán. Bí wọ́n bá ń fi àwòrán yín bà yín lórúkọ jẹ́, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ni kí ẹ kọ̀wé sí.