Bí Mo Ṣe Tọ́ Ìfun Eku Dàgbà Nínú Àwo Láàbù

Ìbéèrè tó gbé mi wọ iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìfun rẹ̀ a pààrọ̀ iṣẹ́: jíìnì tó ń ṣe lactase, èròjà tí ń fọ́ ṣúgà inú wàrà, a máa rọra dákẹ́, àwọn jíìnì tó ń bójú tó oúnjẹ líle a sì jí. Ta ló ń pàṣẹ yẹn? Ṣé oúnjẹ tuntun ni, àbí inú sẹ́ẹ̀lì ìfun gan-an ni àṣẹ náà wà?

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé wàrà kì í dà nínú ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ó ń dà nínú ọ̀pọ̀ Fúlàní. Kì í ṣe pé àwa kò ní jíìnì lactase. Ohun tó ń darí rẹ̀ ló yàtọ̀: lẹ́tà DNA kan ṣoṣo nínú MCM6, jíìnì tó múlé tì í, tí àwọn onímọ̀ rí ní Finland ní 2002. Ẹni tó bá ní irú lẹ́tà yẹn, lactase rẹ̀ kì í sinmi.

Eku ni mo fi ṣe é, torí pé lára wọn, ìyípadà náà máa ń wáyé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìbí. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Oxford àti ní Netherlands fi hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé purotéènì kan tó ń jẹ́ Blimp1 ló ń pa àwọn jíìnì àgbà lẹ́nu mọ́ nínú ìfun ọmọ tuntun. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìfun a di ti àgbà láìtọ́jọ́, ọmọ eku náà kì í sì í dàgbà dáadáa.

Lẹ́yìn tí mo gba ìyọ̀ǹda, mo mú ìfun kékeré ọmọ inú oyún eku tó kù díẹ̀ kí wọ́n bí. Orí yìnyín ni mo ti fọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sínú EDTA, kẹ́míkà tó ń tú sẹ́ẹ̀lì kúrò lára ara wọn, kí awọ inú rẹ̀ lè ṣí kúrò lára ẹran, mo sì pò ó mọ́ Matrigel, jẹ́lì tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé inú rẹ̀ dàgbà. Matrigel máa ń ṣàn nínú òtútù, á sì dì bó bá kan ooru, nítorí náà ẹ tọ́jú ẹnu pípẹ́ẹ̀tì sínú fìríìjì, kí ẹ sì yára. Omi tí mo dà lé e ní EGF, Noggin àti R-spondin, àwọn purotéènì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ìfun máa dàgbà, gẹ́gẹ́ bí Toshiro Sato àti Hans Clevers ti là á sílẹ̀ ní 2009. Láìpẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà di bọ́ọ̀lù oníhò inú. Nígbà tó yá, wọ́n rúwé bí iṣu tó ń hù.

Omi kan náà ni mo lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù lọ. Kò sí wàrà níbẹ̀, kò sí bakitéríà, kò sí ìyá. Bí ohunkóhun bá yí padà, inú sẹ́ẹ̀lì ló ti wá. Ìgbàkígbà tí mo bá pín wọn sínú àwo tuntun, mo máa ń fi díẹ̀ pamọ́ sínú òtútù -80°C fún RNA, ẹ̀dà tí jíìnì ń kọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ìwọ̀n RNA ló gba sùúrù jù. Ẹ̀rọ qPCR, tí ń ṣe ẹ̀dà jíìnì léraléra láti fi wọn iye rẹ̀, ń ka iye ìyípo kí ìmọ́lẹ̀ tó hàn, ìyípo kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì; ìyàtọ̀ ìyípo mẹ́ta túmọ̀ sí ìlọ́po mẹ́jọ. A nílò jíìnì tí kì í yẹsẹ̀ láti fi ṣe òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí gbogbo ènìyàn ń lò ló ń yẹ̀ bí ìfun ṣe ń dàgbà. Mo dán púpọ̀ wò kí n tó yan àwọn tó dúró. Àwo qPCR kan náà ni mo kó RNA gbogbo ọ̀sẹ̀ sí, kí ìyàtọ̀ láàárín àwo má baà jọ ìdàgbàsókè.

Lct, jíìnì lactase, lọ sílẹ̀, Ass1, jíìnì ìfun ọmọ mìíràn, tẹ̀ lé e, Sis, jíìnì àgbà tó ń ṣe èròjà tí ń fọ́ ṣúgà oúnjẹ líle, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, sì gbéra ní àkókò tí ọmọ eku ìbá ti máa já lẹ́nu ọmú. Irú èyí gan-an ni àwọn onímọ̀ Netherlands ti tẹ̀ jáde ní 2019. Inú mi dùn jọjọ. Nínú àwọn àwo mìíràn tí mo fi dexamethasone, oògùn tó ń ṣe bíi họ́mọ̀nù ara, sí, Sis kò dúró dìgbà yẹn kó tó dé: àṣẹ náà wà nínú sẹ́ẹ̀lì lóòótọ́, ṣùgbọ́n a lè kán an lójú.